Eruku Corby, èéfín Ògíjo: ìdáhùn sí àwọn ìbéèrè yín lórí eré Toxic Town

Ọjọ́ Sátidé mẹ́rin léraléra ni a fi wo eré Toxic Town ní gbọ̀ngàn àdúgbò wa ní Mákún, Ṣàgámù, apá kan ní ọ̀sẹ̀ kan. Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, ọdún 31 ni mo sì fi gbẹ̀bí káàkiri Rẹ́mọ, ìdí nìyẹn tí àwọn tó wá wòran fi kó ìbéèrè wọn wá síwájú mi. Àwọn tó wáyé lemọ́lemọ́ ni mo kọ sílẹ̀ níhìn-ín, mo sì dáhùn wọn bí agbára mi ti mọ, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà kàn wá ju bí ọ̀pọ̀ nínú wa ti rò nígbà tí a kọ́kọ́ jókòó wòran.

Kí ni eré yìí dá lé lórí? Ṣé ohun tó ṣẹlẹ̀ ni àbí àròsọ?

Ó ṣẹlẹ̀. Apá mẹ́rin ni eré náà ní, Netflix sì gbé e jáde ní ọjọ́ 27 oṣù Kejì ọdún 2025. Jack Thorne ló kọ ọ́. Jodie Whittaker, Aimee Lou Wood àti Claudia Jessie ló ṣe àwọn ìyá mẹ́ta tí ìtàn náà rọ̀ mọ́. Àwọn ìyá náà ń gbé ní ìlú Corby ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n lóyún ní nǹkan bí àkókò kan náà, àwọn ọmọ tí wọ́n bí sì ní àléébù ara, ti ẹlòmíràn jẹ́ pé ìka ọwọ́ kò pé. Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá kí ìdí rẹ̀ tó hàn sí wọn, wọ́n sì pe ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ ìlú wọn lẹ́jọ́.

Kí ló gbé pàǹtí olóró dé ìlú náà?

Iṣẹ́ irin ni. Láti àwọn ọdún 1930 ni wọ́n ti ń yọ́ irin ní Corby, tí àwọn ènìyàn sì ń ti ilẹ̀ Scotland rọ́ wá síbẹ̀ wá iṣẹ́, débi pé àwọn ará ìlú tó yí wọn ká ń pe ibẹ̀ ní Scotland kékeré. Ẹni tó bá mọ bí ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ńtì ṣe sọ Ṣàgámù di ibi tí àwọn ará ìlú òkèèrè ń wá jẹun láti ìparí àwọn ọdún 1970 yóò mọ irú ìlú tí mò ń sọ. Ní ọdún 1980 ni wọ́n dá iná yíyọ́ irin dúró níbẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọkùnrin sì pàdánù iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ilẹ̀ tí wọ́n fi sílẹ̀ fẹ̀ gan-an, ó sì kún fún eérú, ẹrẹ̀ àti ìdọ̀tí tí ọdún bí àádọ́ta iṣẹ́ irin kó jọ. Ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ ra ilẹ̀ náà, èrò wọn sì dára: wọ́n fẹ́ wẹ̀ ẹ́ mọ́ kí ilé-iṣẹ́ tuntun lè dé, kí àwọn tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn lè rí nǹkan ṣe. Mo fẹ́ kí a má gbàgbé èyí, nítorí pé àwọn kan nínú gbọ̀ngàn ń pariwo pé ìkà ni gbogbo wọn. Iṣẹ́ rere ni wọ́n dáwọ́ lé. Bí wọ́n ṣe ṣe é ló di ìpalára.

Báwo gan-an ni wọ́n ṣe ṣe é?

Lọ́rì ni wọ́n fi ń kó ẹrẹ̀ náà gba àárín ìlú kọjá lọ sí ibi tí wọ́n ń dà á sí ní Deene Quarry. Lọ́rì náà kún àkúnwọ́sílẹ̀, wọn kì í sì í bò ó, nítorí náà ni ẹrẹ̀ ṣe ń já sílẹ̀ lójú pópó. Táyà tí ẹrẹ̀ lẹ̀ mọ́ ń jáde láti ibi iṣẹ́ láìjẹ́ pé wọ́n fọ̀ ọ́ dáadáa. Nígbà tí ẹrẹ̀ ojú títì bá gbẹ, mọ́tò a tẹ̀ ẹ́ di eruku, afẹ́fẹ́ a sì gbé e wọ ilé, wọ ọgbà, lé aṣọ tí wọ́n sá. Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún, láti àárín àwọn ọdún 1980 títí di ìparí àwọn ọdún 1990.

Ohun tó dùn mí jù nínú gbogbo eré náà ni pé ohun tí ìbá dá ibi náà dúró kò wọ́n. Tapólì lórí lọ́rì, omi láti fọ táyà, àti ọ̀gá kan tí yóò dúró lẹ́nu géètì kí ó sọ pé lọ́rì yìí kò tíì ṣeé jáde. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó nílò ìmọ̀ ìjìnlẹ̀. Ẹ lọ dúró sí oríta ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ní Ṣàgámù fún wákàtí kan, kí ẹ ka iye tírélà tó kó iyanrìn tàbí òkúta tí wọ́n kò bo ẹrù wọn, ẹ ó rí i pé ibi tí ìtàn Corby ti bẹ̀rẹ̀ kò jìnnà sí wa.

Báwo ni eruku tí ìyá fà símú ṣe lè dé ọwọ́ ọmọ tó wà nínú oyún?

Ìbéèrè yìí ni wọ́n bi mí jù, mo sì fẹ́ fara balẹ̀ dáhùn rẹ̀. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọmọ kì í hù ní ìparí oyún. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹrin lẹ́yìn tí oyún dúró ni ibi tí ọwọ́ yóò ti yọ máa ń rú jáde bí ìrudi igi, nígbà tí yóò bá fi di ọ̀sẹ̀ kẹjọ, àwọn ìka ti ń pínyà kúrò lára ara wọn. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan wọ̀nyí ni ohun olóró tó bá wọ ẹ̀jẹ̀ ìyá lè da iṣẹ́ ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rú. Ẹ wo bí àkókò náà ti kúrú tó. Ọ̀pọ̀ obìnrin ni kò tilẹ̀ tíì mọ̀ pé òun lóyún nígbà náà. Ó lè máa rò pé ibà ló ń ṣe òun.

Nínú ẹrẹ̀ Corby, àwọn irin olóró bíi cadmium àti chromium wà níbẹ̀, àti kẹ́míkà olóró tí wọ́n ń pè ní dioxin. Nígbà tí wọ́n bá di eruku kíkúnná, wọ́n lè wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, kí wọ́n ti ibẹ̀ bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, kí ibi ọmọ má sì lè dá gbogbo wọn padà. Ìyá náà lè má ṣàìsàn rárá. Ó lè máa jẹun dáadáa, kí ó máa lọ síbi iṣẹ́, kí ó máa wá sí ìtọ́jú aboyún ní ọjọ́ tí wọ́n dá fún un, kí ara rẹ̀ má sọ ohunkóhun fún un. Nítorí èyí ni mo ṣe máa ń bínú bí mo bá gbọ́ tí ẹnì kan ń bi ìyá pé, kí lo ṣe nígbà tí o wà nínú oyún?

Kí ló dé tó fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kí àwọn ìyá náà tó mọ ìdí rẹ̀?

Nítorí pé olúkúlùkù wọn dá ẹ̀bi náà rù. Ìyá tó bí ọmọ tí ìka rẹ̀ kò pé ń rò pé oògùn tí òun lò ni, tàbí sìgá, tàbí nǹkan kan tí òun jẹ. Kò sọ fún aládùúgbò rẹ̀, aládùúgbò náà kò sì sọ ti rẹ̀ fún un. Ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pàdé, tí ọ̀kan bá rí ọwọ́ ọmọ ẹnì kejì, ni ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Ìròyìn tí ìwé ìròyìn kan gbé jáde ní ọdún 1999 sì jẹ́ kí àwọn ìyá púpọ̀ sí i mọ̀ pé kì í ṣe ilé tiwọn nìkan ló ṣẹlẹ̀ sí.

Àwa náà mọ irú ìdákẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀, ó sì le ní ọ̀dọ̀ tiwa ju tiwọn lọ. Láyé àtijọ́, àwọn baba wa máa ń pe ọmọ tí ara rẹ̀ yàtọ̀ ní ẹni òrìṣà, wọ́n ní Ọbàtálá tó mọ ènìyàn ló fọwọ́ ara rẹ̀ mọ ọ́n bẹ́ẹ̀, a kò sì gbọdọ̀ fi í ṣẹ̀sín. Ọ̀wọ̀ ńlá wà nínú ọ̀rọ̀ náà, n kò sì fẹ́ kí ó parun. Àmọ́ ọ̀wọ̀ yẹn kò máa ń dé ọ̀dọ̀ ìyá ọmọ. Ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu àwọn ìyá ọkọ nínú yàrá ìgbẹ̀bí ni pé ó rìn lọ́sàn-án gangan, pé ó jẹ ohun tí aboyún kì í jẹ, pé ìdílé tó ti wá ni. Mo rí ìyàwó ilé kan ní àwọn ọdún 1990 tó fi gèlè bo ọwọ́ ọmọ rẹ̀ gbogbo ìgbà tó bá ń gbé e bọ̀ wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, tó sì ń yọjú wo ojú ọ̀nà kí ó tó ṣí i fún mi. N kò bi í níbi tó ń gbé. N kò bi í níbi tí ọkọ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Èmi nọ́ọ̀sì tí mo yẹ kí n bi í, mo kàn fún ọmọ náà lábẹ́rẹ́, mo ní ó dìgbà. Ọ̀rọ̀ náà padà wá sí mi lọ́kàn nígbà tí a ń wo apá kejì eré yìí, n kò sì lè bá wọn sọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ náà.

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ yìí, a ní láti kọ́kọ́ béèrè ẹni tó pa á lẹ́nu mọ́.

Kí ni ilé-ẹjọ́ sọ?

Ní ọjọ́ 29 oṣù Keje ọdún 2009, Adájọ́ Akenhead ní Ilé-ẹjọ́ Gíga dájọ́ pé ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ Corby jẹ̀bi àìkíyèsára nínú bí wọ́n ṣe tún ilẹ̀ náà ṣe láàárín ọdún 1985 sí 1997. Ó tún ní wọ́n ṣẹ̀ sí òfin tó de kíkó pàǹtí, wọ́n sì fi ìpalára kan gbogbo ará ìlú. Ó gbà pé iye ọmọ tí wọ́n bí pẹ̀lú irú àléébù ọwọ́ àti ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ láàárín ọdún 1989 sí 1999 ní Corby pọ̀ ju ohun tí a lè pè ní kòńgẹ́ lọ. Àwọn 18 ló pẹjọ́, adájọ́ sì yọ àwọn méjì tó kéré jù lọ́jọ́ orí kúrò, nítorí pé ìgbà tí wọ́n bí wọn ti jìnnà sí ìgbà tí iṣẹ́ náà ń lọ.

Ibì kan wà tí ọ̀pọ̀ kò gbọ́ dáadáa nínú eré náà. Ohun tí adájọ́ sọ ni pé eruku náà *lè* fa irú àléébù bẹ́ẹ̀, àti pé ìgbìmọ̀ náà kò ṣe ohun tó yẹ. Ó kù kí ọmọ kọ̀ọ̀kan fi hàn pé ohun tó fa tirẹ̀ gan-an nìyẹn. Wọn kò dé ibẹ̀, nítorí pé ìgbìmọ̀ náà kọ́kọ́ ní àwọn yóò pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, lẹ́yìn náà ni wọ́n jókòó sọ̀rọ̀ ní oṣù Kẹrin ọdún 2010, wọ́n san owó, wọ́n sì tọrọ àforíjì.

Ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni lọ sẹ́wọ̀n?

Rárá. Ẹjọ́ owó gbà-má-bínú ni, kì í ṣe ẹjọ́ ọ̀daràn. Ìgbìmọ̀ náà fúnra rẹ̀ kò sí mọ́. Wọ́n pa á pọ̀ mọ́ àwọn mìíràn ní oṣù Kẹrin ọdún 2021.

Ṣé gbogbo ohun tí a rí nínú eré náà ló ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀?

Kò lè rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó gba ìlú kan ní ọdún tó lé ní ogún ni wọ́n fún pọ̀ sínú wákàtí bíi mẹ́rin. Àwọn ìdílé tó wà nínú ẹjọ́ náà pọ̀ ju mẹ́ta tí kámẹ́rà ń tẹ̀lé lọ, ọ̀rọ̀ tí àwọn òṣèré sì ń bá ara wọn sọ nínú ilé jẹ́ ti òǹkọ̀wé. Lójú tèmi, eré náà ṣe ẹ̀tọ́ fún ìbínú àwọn ìyá náà, ṣùgbọ́n kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe ẹ̀tọ́ fún ìwé. Ìwé ló gbé ẹjọ́ náà dé ibi tó dé: ìwé iṣẹ́ tó fi hàn ìgbà tí lọ́rì ń kó ẹrẹ̀, àbájáde àyẹ̀wò ilẹ̀, ìwé ìbí àwọn ọmọ, ìwé ìlú tó fi hàn ibi tí olúkúlùkù ń gbé. Bí ìyá bá sunkún níwájú adájọ́, adájọ́ a káàánú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí adájọ́ máa ń kọ sínú ìdájọ́ ni ọjọ́, ibi àti iye.

Ǹjẹ́ irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ ní Nàìjíríà?

Ó ti ṣẹlẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ní ọdún 1988, àṣírí tú pé wọ́n ti kó pàǹtí olóró láti ilẹ̀ Ítálì wá sí ìlú Kókó, tó wà ní Ìpínlẹ̀ Bẹńdẹ́ẹ̀lì nígbà náà, tí wọ́n to dúrọ́ọ̀mù rẹ̀ sínú ọgbà ẹnì kan tó ń gba owó oṣù lé e lórí. Ìbínú tó tẹ̀lé e ló bí òfin tó dá kíkó pàǹtí olóró wọlé lẹ́kun ní ọdún náà, òun ló sì bí àjọ ìjọba àpapọ̀ àkọ́kọ́ tó ń bójú tó àyíká. NESREA tó wà lónìí, ọdún 2007 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Ní ọdún 2010, ní Ìpínlẹ̀ Zamfara, òjé tó wà nínú òkúta wúrà tí àwọn ènìyàn ń lọ̀ nínú agboolé wọn pa ọmọdé tó lé ní 400.

Ẹ sọ ti Ògíjo fún wa.

Ògíjo wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ṣàgámù, lójú ọ̀nà Ìkòròdú. Gbogbo wa la mọ̀ pé àwọn ilé-iṣẹ́ wà níbẹ̀ tí wọ́n ń fọ́ bátìrì mọ́tò tó ti kú, tí wọ́n ń yọ́ òjé inú rẹ̀, tí wọ́n sì ń tà á sí òkè òkun. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, àwọn ilé ìròyìn The Examination àti New York Times gbé ìwádìí jáde lórí rẹ̀. Àwọn 70 ló yọ̀ǹda ẹ̀jẹ̀ wọn fún àyẹ̀wò, nínú àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ àti àwọn tó ń gbé nítòsí, méje nínú mẹ́wàá wọn ló sì ní òjé tó lè pa wọ́n lára nínú ẹ̀jẹ̀.

Ohun tó ṣe Corby àti ohun tó ń ṣe Ògíjo kì í ṣe ọ̀kan náà, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni pa wọ́n pọ̀. Ti Corby hàn lára ọmọ lọ́jọ́ tí wọ́n bí i. Òjé kì í hàn bẹ́ẹ̀. Ó máa ń ṣe bí ẹni pé kálísíọ́mù ni òun, ara a gbà á, a kó o sínú egungun, ó sì lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí obìnrin tó ní in nínú egungun bá lóyún, tí ara rẹ̀ ń fa kálísíọ́mù jáde fún ọmọ, òjé náà a bá a jáde. Ọpọlọ ọmọdé ló ń bà jẹ́ jù. Ọmọ náà a ní ìka mẹ́wàá pé, ojú rẹ̀ a rẹwà, ṣùgbọ́n nígbà tó bá dé ilé-ìwé, ohun tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbọ́ lẹ́ẹ̀kan, òun a gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kò ní yé e, olùkọ́ a ní olódo ni, òbí a nà án. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kò sí iye òjé kan tí a mọ̀ pé kò léwu nínú ẹ̀jẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé ti Ògíjo lè pẹ́ jù kí ojú tó rí i: kò sí ọwọ́ ọmọ tí ìyá kan yóò rí lára ọmọ ìyá kejì.

Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń fọ́ bátìrì. Kí ni mo lè ṣe nínú ilé?

Ìyá kan tó ń ta obì ní Sábó ló bi mí léèrè yìí pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́ lẹ́yìn tí gbogbo ènìyàn ti lọ. Ẹ má ṣe jẹ́ kí bàbá gbé ọmọ kí ó tó bọ́ aṣọ iṣẹ́, kí ó tó wẹ̀. Bí ó bá ṣeé ṣe, kí ó bọ́ ọ níbi iṣẹ́. Ẹ fọ aṣọ náà lọ́tọ̀, ẹ má ṣe gbọn eruku rẹ̀ dànù nínú ilé. Ẹ wọ́n omi sílẹ̀ kí ẹ tó gbálẹ̀, bí àwọn ìyá wa ṣe máa ń ṣe, kí ẹ sì fi aṣọ tútù nu ilẹ̀ àti fèrèsé. Kí ọmọ fọ ọwọ́ kí ó tó jẹun. Ẹ fún un ní ẹ̀fọ́, ẹja tí wọ́n lè jẹ egungun rẹ̀ àti ẹ̀wà, nítorí pé ara tí kò ní irin àti kálísíọ́mù tó máa ń gba òjé wọlé kíákíá.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yọ̀ǹda kí n fi èyí kún un: tìróò. Ọ̀pọ̀ tìróò tí wọ́n ń tà lọ́jà, òkúta òjé ni wọ́n lọ̀. Ó dára lójú, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe lé e sójú ọmọ ọwọ́. Ọmọ a fi ọwọ́ nu ojú, a fi ọwọ́ náà sẹ́nu.

Lẹ́yìn náà, ẹ bi dókítà pé ẹ fẹ́ àyẹ̀wò òjé nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ pè é bẹ́ẹ̀ gan-an, nítorí pé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lásán kò ní fi í hàn. Ẹ gba ìwé àbájáde rẹ̀, kí ẹ sì pa á mọ́ sílé.

Ṣé àwa náà lè gbé ẹjọ́ lọ sílé-ẹjọ́?

Ó ṣeé ṣe. Ní oṣù Keje ọdún 2018, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ní Nàìjíríà dájọ́ nínú ẹjọ́ tí ẹgbẹ́ Centre for Oil Pollution Watch pe NNPC, ilé-iṣẹ́ epo rọ̀bì ìjọba, pé ẹgbẹ́ tó ń jà fún àyíká lè pẹjọ́, bí kì í tilẹ̀ ṣe àwọn gan-an ni wọ́n ba omi tàbí ilẹ̀ wọn jẹ́. Kí ó tó dìgbà náà, ohun tí wọ́n sábà fi ń lé irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ dànù ni pé, ta ni ọ́, kí ló kàn ọ́ níbẹ̀?

Ṣùgbọ́n àkókò kò ní dúró dè yín. Bó bá jẹ́ òṣìṣẹ́ tàbí àjọ ìjọba lẹ fẹ́ pè lẹ́jọ́, òfin tó ń dáàbò bò wọ́n fún yín ní oṣù mẹ́ta péré láti ìgbà tí nǹkan náà ṣẹlẹ̀, tàbí láti ìgbà tí ìpalára náà dáwọ́ dúró bó bá jẹ́ èyí tó ń lọ láìdáwọ́ dúró. Ẹ tètè rí lọ́yà. Àwọn ìyá Corby ní àkókò púpọ̀ ju èyí lọ, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má tó wọn.

Kí ni kí a kọ sílẹ̀, tí a kò bá tíì mọ̀ bóyá ohun kan ń ṣẹlẹ̀?

Ẹ ra ìwé ilé-ìwé ogójì ewé. Ẹ kọ ọjọ́ tí èéfín pọ̀, wákàtí tó bẹ̀rẹ̀, ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, àwọ̀ rẹ̀ àti òórùn rẹ̀. Bí lọ́rì bá da ohun kan sílẹ̀, ẹ fi fóònù ya á pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀. Ẹ kọ ìgbà tí ẹ kó dé àdúgbò náà, kí ẹ sì tọ́jú ìwé owó ilé. Káàdì aboyún àti káàdì àjẹsára tí a máa ń jù sínú àpótí lẹ́yìn tí ọmọ bá ti rìn, ẹ má ṣe sọ wọ́n nù. Bí ìyá méjì tàbí mẹ́ta ládùúgbò bá ń kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀, kí wọ́n máa pàdé lẹ́ẹ̀kan lóṣù láti fi tiwọn wé ara wọn. Ìwé tèmi tí mo fi ń kọ orúkọ àwọn ọmọ tí mo gbẹ̀bí wọn kò ní àyè fún àdírẹ́sì, ìyẹn ni n kò sì lè padà lọ tún ṣe mọ́.

Ṣé ọmọdé lè wo eré náà?

Kí ó tó ọmọ ọdún 15 kí ó tó wò ó, nítorí pé ikú ọmọ ọwọ́ wà nínú rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ àlùfààṣá díẹ̀. A ó tún gbé e wò láti ìbẹ̀rẹ̀ fún àwọn tí kò ráyè wá, gbọ̀ngàn kan náà, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé. Ẹ gbé ìwé àti bírò dání.